Jagunjagun afọ́jú fún eré D&D: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sọ́ńdè tó dé

ỌmọEtíOdò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àwa márùn-ún la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré D&D tuntun ní Sọ́ńdè méjì sí i, ìyẹn eré orí tábìlì tí kálukú ti ń ṣe ẹ̀dá ìtàn kan, tí dáìsì sì ń pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìpele kẹta la ó ti bẹ̀rẹ̀. Òfin D&D ti ọdún 2014 ni DM wa, ẹni tó ń darí eré, ń lò, ó sì gbà ká lo ìwé àfikún tó jáde ní 2020. Mo ti mọ ẹni tí mo fẹ́ ṣe: obìnrin jagunjagun kan tí wọ́n bí sí abúlé etí odò. Àwọn eṣinṣin dúdú kéékèèké tó ń yé sínú omi tó ń sáré ló kó àrùn ràn án láti kékeré, kó sì tó pé ọgbọ̀n ọdún, ojú rẹ̀ ti fọ́. Àìsàn yìí wà lóòótọ́, kì í ṣe èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀.

Mo ka òfin. Ó ní ẹni tí kò ríran yóò kùnà nínú ìdánwò yòówù tó bá gba ojú. Bí ó bá kọlu ènìyàn, yóò ju dáìsì olójú ogún lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì mú èyí tó kéré. Ẹni tó bá kọlù ú yóò ju ẹ̀ẹ̀mejì, yóò mú èyí tó pọ̀. Ẹ̀rù méjì ló ń bà mí. Àkọ́kọ́ ni pé kó má lọ kú nínú ìjà àkọ́kọ́. Èkejì ló ń dùn mí jù: mi ò fẹ́ fún un ní idán tó máa jẹ́ kó ríran ju àwa tó lójú lọ, kí ìfọ́jú rẹ̀ wá di aṣọ tó kàn wọ̀ sọ́rùn. Báwo lẹ̀yin ṣe máa ṣe é?

BàbáOnídáìsì

Àbúrò, káàbọ̀. Kó o tó yan ohunkóhun, kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin kò sọ. Ọ̀pọ̀ DM gbà pé ẹni tí kò ríran kò mọ ibi tí ọ̀tá wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀tá tí kò bá fi ìṣe rẹ̀ sá pamọ́, bàtà rẹ̀ ń dún, irin ara rẹ̀ ń dún, èémí rẹ̀ ń dún. O mọ ojú ilé tó dúró sí lórí máàpù. Dáìsì ìkọlù rẹ nìkan ló bà jẹ́. Bá DM rẹ sọ̀rọ̀ yìí kẹ́ ẹ tó jókòó. Tó bá jẹ́ pé o ní láti máa méfò ibi tí gbogbo ọ̀tá wà, eré yẹn á sú ẹ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kó jẹ́ Fighter, irú ẹ̀dá ìtàn tó jẹ́ jagunjagun, kó o mú ọgbọ́n ìjà tí wọ́n ń pè ní Blind Fighting láti inú ìwé 2020 yẹn. Nínú ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, ìyẹn ojú ilé méjì, kò sí ohun tí kò ní mọ̀ bí ẹni tó ń rí i, àfi ohun tó bá fara pamọ́ pátápátá sẹ́yìn ògiri. Ẹni tó fi idán di àìrí pàápàá, ó mọ ibi tó wà, bí ẹni náà kò bá tíì sá pamọ́ dáadáa. Tó bá ti kọjá ojú ilé méjì, òkùnkùn ni. Tafàtafà ni yóò sì máa dà á láàmú jù.

Fún ìyẹn, wo Alert, ọ̀kan lára àwọn Feat, ìyẹn ẹ̀bùn àfikún tí ènìyàn lè yàn. Ti 2014 ní ẹni tí o kò rí kì í jèrè dáìsì kejì lórí rẹ nítorí pé o kò rí i. Àmọ́ gbọ́ o: àwọn kan ń jiyàn pé òfin ìfọ́jú fúnra rẹ̀ ló fún ọ̀tá ní dáìsì kejì yẹn, pé Alert kò kan ibẹ̀. Ní tèmi, ẹni tó ti gbé pẹ̀lú ìfọ́jú fún ọdún púpọ̀ ni Alert yẹ jù lọ, mo sì máa ń gbà á. Béèrè lọ́wọ́ DM tìrẹ kó o tó náwó Feat lé e lórí.

Ohun kan tó kù: ka gbogbo ohun tó o bá fẹ́ mú, kó o wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé "tí o lè rí". Gbólóhùn yẹn ló ń pa irú ẹ̀dá ìtàn yìí. Kíkọlu ọ̀tá tó ń sá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ gba ojú. Dídi asà bo ọ̀rẹ́ gba ojú. Danger Sense, ọgbọ́n tí Barbarian, jagunjagun oníbìínú, fi ń yẹ ewu, gba ojú. Ṣùgbọ́n Riposte ti Battle Master, ẹ̀ka Fighter kan, kò gbà á: ẹni tó bá fi idà ṣe ẹ tí kò bà ẹ́, o lè dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀. Medusa pẹ̀lú basilisk tó ń fi ojú sọ ènìyàn di òkúta ńkọ́? Kí wọ́n wò ó títí ilẹ̀ á fi mọ́.

ỌmọJúdò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ Blind Fighting yẹn pátápátá. Ó lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú mìíràn ló fi dípò ojú tó fọ́, ohun tí àbúrò wa sì ní òun kò fẹ́ nìyẹn.

Judo ni mò ń ṣe. Láti Paralympics ti Seoul ní 1988 ni àwọn tí kò ríran ti ń díje nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó tóbi jù láàárín tiwọn àti tàwa ni pé kí adájọ́ tó ní kí ìjà bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì ti di aṣọ ara wọn mú. Bí ọwọ́ bá ti kan aṣọ báyìí, àǹfààní ẹni tó lójú ti dín kù gan-an. Ibi tí ìwúwo ara rẹ̀ wà, ibi tí èjìká rẹ̀ fẹ́ yí sí, ìgbà tó fẹ́ mí, ọwọ́ ló ń sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹ. Mo ti pa ojú dé nígbà ìdánrawò, ó yà mí lẹ́nu bí ohun tí ojú ń ṣe níbẹ̀ ṣe kéré tó.

Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́: afọ́jú tó ní òun yóò sọ ọ́ lókò, ó ti fẹsẹ̀ tẹ òkúta mọ́lẹ̀ ni. Jagunjagun tìrẹ náà, òkúta ni kó kọ́kọ́ tẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe rí nínú òfin 2014. Gbígbá ọ̀tá mú kì í ṣe ohun tí à ń ju dáìsì ìkọlù fún. Athletics rẹ, ìyẹn ọgbọ́n agbára ara, ni wọ́n á fi wé Athletics tàbí Acrobatics, ọgbọ́n yíyí ara, tirẹ̀. Dáìsì ìkọlù ni ìfọ́jú bà jẹ́, kò kan èyí rárá! Nítorí náà yóò gbá a mú láìjìyà kankan. Ẹni tó gbá mú, ìrìn rẹ̀ di òdo. Lẹ́yìn náà kó tì í ṣubú, Athletics náà ni. Ẹni tó ṣubú tí ìrìn rẹ̀ sì jẹ́ òdo kò lè dìde. Ọ̀tá tó wà nílẹ̀, ẹni tó bá sún mọ́ ọn ń ju ẹ̀ẹ̀mejì láti kọlù ú, ó ń mú èyí tó pọ̀. Ìyẹn á pa ìjìyà ìfọ́jú rẹ́, á ku dáìsì kan. Ọ̀tá náà tó fẹ́ jà láti ilẹ̀ ń mú èyí tó kéré, ìyẹn á sì pa àǹfààní tó ní lórí afọ́jú rẹ́. Ìjà di ọgbọọgba. Kò sí idán níbẹ̀, gídígbò ni.

Ní ìpele kẹta, ìkọlù kan ṣoṣo lo ní, nítorí náà Action Surge, tó ń fún Fighter ní ìṣe kejì, ni wàá fi ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kó o pín in sí ìgbà méjì. Tó o bá dé ìpele karùn-ún, tí ìkọlù ti di méjì, ó ti di ìgbà kan. Mú Rune Knight, ẹ̀ka Fighter mìíràn: láti ìpele kẹta ó lè di ẹni ńlá fún ìṣẹ́jú kan, á sì máa ju dáìsì agbára lẹ́ẹ̀mejì, kó mú èyí tó pọ̀. Nígbà náà àwọn òmìrán pàápàá ṣeé gbá mú, torí ẹni tó bá fi ìwọ̀n kan ṣoṣo jù ẹ́ lọ lòfin gbà fún ẹ. Fi ọwọ́ kan sílẹ̀ lófìfo, ìyẹn ni pé kò ní sí asà bí idà bá wà lọ́wọ́. Ohun tó ń fò àti iwin tí ọwọ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá ni kò ní ṣeé ṣe fún un. Ó yẹ kó ní ohun tí kò lè ṣe.

ÌyáAláyò

Mi ò mọ òfin yín tó báyìí o, ọmọ mi ọkùnrin ló ń ṣe eré yìí, òun ló ní kí n wá dá sí i. Glaucoma ló gba ojú bàbá mi, díẹ̀díẹ̀, fún ọdún pípẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Bàbá mi kò fọwọ́ pa ojú ẹnikẹ́ni rí láti mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ìyẹn. Bí èèyàn bá wọlé, ìró bàtà rẹ̀ ti sọ orúkọ rẹ̀ kó tó kí wọn. Wọn kì í na ọwọ́ méjèèjì síwájú rìn bí ti inú fíìmù. Bí ẹ bá fẹ́ mú wọn lọ síbì kan, ẹ ò gbọdọ̀ fa apá wọn. Àwọn ló máa di ìgúnpá yín mú, wọn á sì tẹ̀ lé yín ní ìṣísẹ̀ kan lẹ́yìn. Ẹni tó bá fà wọ́n, ó máa gbọ́ ọ̀rọ̀. Kí jagunjagun yín náà bá ẹni tó bá fà á wí!

Òkùnkùn kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an tí wọ́n fi ń mọ fèrèsé yàtọ̀ sí ògiri, nítorí ìmọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí à ń pè ní afọ́jú ló ṣì ń rí díẹ̀: òjìji, ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ kan. Ẹ pinnu iye tí tiyín ń rí.

Wọ́n ń ta ayò títí wọ́n fi kú. Ihò mẹ́fà-mẹ́fà, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, gbogbo rẹ̀ wà lórí wọn. Wọ́n á fi ìka kan ihò, wọ́n á ti mọ iye tó wà níbẹ̀, bí ẹ bá sì ń ta tiyín, ìró ọmọ ayò tó ń bọ́ ni wọ́n fi ń kà á. Mo rí àwọn olójú méjì tí wọ́n nà lánàtúnnà. Ẹ má sọ pé etí wọn mú ju tẹni kankan lọ o. Etí wọn kò yàtọ̀ sí tiwa, wọ́n kàn ń lò ó ni.

Nígbà òjò, wọ́n máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní òjò ló ń fi àgbàlá hàn wọ́n: ibi tó ti ń dún gan-an, páànù ni, ibi tó ti ń rọ̀ pẹ̀lẹ́, ewé kókò ni, ibi tó ti ń dún wọ inú, garawa ni. Afẹ́fẹ́ líle ló máa ń dààmú wọn, torí ó ń da gbogbo ìró pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí obìnrin yín wà nínú ewu tòótọ́, ẹ má mú òkùnkùn wá, ẹ mú ìjì wá.

BàbáOnídáìsì

Mo dúpẹ́ púpọ̀, Mà. Ọ̀rọ̀ ìjì yẹn, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ọfọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Silence, ó ń pa gbogbo ìró rẹ́ ní ogún ẹsẹ̀ bàtà yí ibì kan ká. Ohun tí òkùnkùn jẹ́ fún àwọn tó kù ni èyí máa jẹ́ fún un. Kùrukùru wá dà bí ọ̀rẹ́ rẹ̀: Fog Cloud, ọfọ̀ ìpele kìíní, gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ ti di afọ́jú. Níbẹ̀, àìríran tirẹ̀ àti tiwọn á pa ara wọn rẹ́, tafàtafà òkèèrè kò sì ní rí i mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìró tó ń padà bọ̀ láti ara nǹkan náà kì í ṣe àlọ́. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cornell dán an wò ní àwọn ọdún 1940, ìwé wọn jáde ní 1944. Àwọn afọ́jú kan rò pé awọ ojú àwọn ló ń mọ̀ pé ògiri wà níwájú. Nígbà tí wọ́n dí etí wọn ni wọ́n tó ń forí gbá a. Lónìí, Daniel Kish ní Amẹ́ríkà ń pa ahọ́n rẹ̀ tó-tó-tó, ó ń fi ìró tó ń padà wá mọ igi àti ilé, ó sì ń gun kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí DM yọ̀ǹda nǹkan díẹ̀ kọjá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, kó wá a lọ sí ibí yìí: ó lè mọ̀ pé òpó wà níbẹ̀, kò lè mọ̀ pé ìwé wà lára òpó.

Ìmọ̀ràn fún DM: bẹ̀rẹ̀ àpèjúwe ibi gbogbo láti ìró àti òórùn. Ohun tí ojú rí, jẹ́ kó kẹ́yìn, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ fún un.

ỌmọEtíOdò

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an. ÌyáAláyò, ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi níbi ọmọ ayò yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan: babaláwo ẹgbẹ́ wa, Cleric ni, ó ti ní Lesser Restoration máa wà lọ́wọ́ òun. Ọfọ̀ ìpele kejì ni, ó sì ń wo ìfọ́jú. Ṣé ọjọ́ kìíní ni yóò ti wò ó sàn?

BàbáOnídáìsì

Jókòó pẹ̀lú wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Lórí tábìlì tèmi, ọfọ̀ yẹn ń ká ìfọ́jú tí ọfọ̀ tàbí eruku oró fà kúrò, kò kan ojú tó ti kú láti ọdún púpọ̀. Ìyẹn, Regenerate ló sún mọ́ ọn, ọfọ̀ ìpele keje sì ni.

ÌyáAláyò

Ẹ jẹ́ kí n dá sí èyí. Gbogbo ẹni tó bá wọ ilé wa ló ní oògùn tí wọ́n fẹ́ ká fún bàbá mi. Ó rẹ̀ wọ́n. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá fẹ́ wò ó, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá ó fẹ́. Kó béèrè lórí tábìlì, kí gbogbo yín gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

OníwèÌtàn

Kí ẹ tó parí, ẹ má gbàgbé pé àwọn tó ṣe é lóòótọ́ wà. Jan Žižka, olórí ogun àwọn Hussite, ẹgbẹ́ Kristẹni tó tẹ̀ lé Jan Hus, ní Bohemia, ilẹ̀ Czech òní, ojú kan ṣoṣo ló kù fún un tẹ́lẹ̀, ìyẹn náà sì lọ ní 1421 níbi tí wọ́n ti sàga ti ilé olódi Rabí. Kò fi ogun sílẹ̀. Títí ó fi kú ní 1424, tí àìsàn pa á, òun ló ń darí wọn, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń ṣàpèjúwe ilẹ̀ fún un. Kẹ̀kẹ́ ẹrù ni wọ́n ń so pọ̀ yí ara wọn ká bí odi, wọ́n á máa yìnbọn láti inú rẹ̀. Ẹni tó mọ ètò odi náà lórí kò nílò kó rí i.

Ọba Bohemia kan wà ṣáájú rẹ̀, John, tí wọ́n ń pè ní John Afọ́jú. Ní ogun Crécy, 26 oṣù kẹjọ 1346, Froissart tó kọ ìtàn náà ní ọba bẹ àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ kí wọ́n mú òun lọ síwájú kí òun lè fi idà kan ọ̀tá. Wọ́n so ìjánu ẹṣin wọn pọ̀ mọ́ tirẹ̀, kí wọ́n má bàa sọ ọ́ nù láàárín èrò. Wọ́n wọlé. Lọ́jọ́ kejì wọ́n rí òkú gbogbo wọn, ẹṣin ṣì wà ní síso.

Mo máa ń ronú nípa àwọn méjèèjì. Èmi á tẹ̀ lé Žižka. Battle Master ní Commander's Strike láti ìpele kẹta: o fi ìkọlù rẹ kan sílẹ̀, o pàṣẹ fún ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ náà á kọlu ọ̀tá lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú dáìsì àfikún láti ọwọ́ rẹ. Ohun tí òfin béèrè ni pé kí ọ̀rẹ́ rí ẹ tàbí kó gbọ́ ẹ. Kò sọ pé ìwọ gbọ́dọ̀ rí ẹnikẹ́ni.

Ìránṣẹ́Pathfinder

Ẹni tó bá ń ṣe Pathfinder ẹ̀dà kejì, eré mìíràn tó jọ D&D, ẹ mọ̀ pé ìfọ́jú le níbẹ̀: gbogbo ilẹ̀ di ilẹ̀ tó ṣòro rìn, kẹ́ ẹ sì tó kọlu ẹni tí ẹ kò rí, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ju 11 sókè lórí dáìsì olójú ogún. Blind-Fight ń sọ 11 yẹn di 5, ṣùgbọ́n ìpele kẹjọ ló wà. Ẹ bẹ DM kó dín in kù láti ìbẹ̀rẹ̀.

ỌmọEtíOdò

Mo ní kí n padà wá jábọ̀. A ti jókòó ìgbà àkọ́kọ́. Battle Master ni mo mú, Athletics rẹ̀ ga, mo sì mú Blind Fighting. ỌmọJúdò, ẹ má bínú: mo bá DM sọ ọ́, a jọ gbà pé ìró àti afẹ́fẹ́ ni ojú ilé méjì yẹn. Bí ariwo bá bò ó tàbí tí ìjì ń jà, kò sí mọ́. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ní ojú òsì. Cleric wa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá kí òun gbìyànjú ojú náà. Ó ní rárá, ó dúpẹ́, ó sì ní kó fi ọfọ̀ náà pamọ́ de ẹni tí oró bá mú.

Inú àká àgbàdo la ti jà. Goblin kan wà lórí igi àjà tó ń ta ọfà sí i, ẹ̀ẹ̀mejì ló bà á. Ẹ̀mí mẹ́rin ló kù fún un. Ẹlẹgbẹ́ wa ń pariwo "aago mẹ́wàá, lókè!" Mo wá rántí òkúta. Mo fi goblin náà sílẹ̀, mo gbá ọ̀gá wọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mú. Nígbà tí àsìkò mi tún yí ká, mo fi Commander's Strike pàṣẹ fún tafàtafà tiwa. Goblin bọ́ lulẹ̀ láti òkè, DM sì ní mo gbọ́ ọ bó ṣe já lu àgbàdo.

Ní ìjókòó kejì, orí ẹṣin la máa wà, ọjọ́ méjì lójú ọ̀nà. Ta ló ti ṣe é rí?

BàbáOnídáìsì

Ẹṣin tó o bá ń darí, àsìkò kan náà lẹ jọ ń lò, ohun mẹ́ta péré ló sì lè ṣe: kó sáré, kó kúrò láìjìyà, tàbí kó yẹ̀. Ẹṣin ń ríran, jẹ́ kó wo ọ̀nà fún un. So agogo mọ́ ọrùn ẹṣin tó wà níwájú. Má jẹ́ kí wọ́n so ìjánu pọ̀.